Mo Bọ́ Súwẹ́tà Lọ́rùn Aláboyún Lọ́jọ́ Ọdún Tuntun

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti di ìyá àgbà ni bàbá aláṣọ àlòkù tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kì í ṣe ọmọ mi. Kì í ṣe ìyàwó ọmọ mi. Ọkùnrin tí a jọ máa ń jà lórí ibi tí a ń da omi ìdọ̀tí sí ni.

Ó ń gbọn kóòtù kan. Ó pariwo sọdá títì sí mi.

"Ìyá Olówùú, ẹ kú oríire o! Wọ́n ní obìnrin ni."

"Obìnrin wo?"

Kóòtù dúró sí i lọ́wọ́. "Háà! Ẹ ò gbọ́ ni? Ìyàwó ọmọ yín ti bí láti ọjọ́ Ẹtì. Òní sì ni Ọjọ́rú! Mo rò pé ẹ̀yin lẹ wẹ ọmọ."

"Mo gbọ́ jàre," ni mo wí. Irọ́ ni. Mò ń ka bọ́ọ̀lù òwú tó wà níwájú mi, mo kà wọ́n dé méje, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ta fìlà ọmọ tuntun kan fún mi, kí n fi lọ kí wọn. Àbí kí n bá yín kí wọn náà?"

Mo ta fìlà náà fún un. Mi ò dín nǹkan kan fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mi ò kọ eléyìí kí ẹ lè bá mi sunkún. Ẹkún ò sí nínú ọjà mi. Mo kọ ọ́ nítorí pé ọdún tuntun tún ti dé, mo jókòó ti abẹ́rẹ́ méjì àti òwú, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tí màá hun nǹkan fún.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Orí òrùlé onílé ló ti já bọ́ tó kú, ọmọ wa ò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án. Owó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá fún mi ni mo fi ra àpò òwú mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn, òwú ni mò ń tà. Mo tún ń hun fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà ọmọdé. Ọjà mú mi le. Ẹni tó bá ní òun máa san lọ́la, màá ní kó fi bàtà sílẹ̀ lọ sílé.

Ìwé mi ò jù kíláàsì mẹ́ta lọ. Owó, kò sí èyí tí mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni mo máa ń kà bí ẹni tó ń gun àkàbà tí igi rẹ̀ ti ṣẹ́. Màá di èyí mú, màá wá òmíràn, nígbà míì màá fò.

Ọmọ mi kan ṣoṣo di pọ́lọ́mbà. Ó mú ọmọbìnrin kan wálé, ọmọ tí kì í pariwo. Tí ẹ bá bú u, á ní, "Ẹ má bínú, mà," inú á sì túbọ̀ máa bí yín.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀! Èmi máa ń wo ọwọ́ mi tí mo bá ń hun nǹkan. Òun kì í wò ó. Á máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa wo ìkòkò lórí iná, abẹ́rẹ́ méjèèjì á máa sọ kẹ́kẹ́kẹ́, ojú òwú kan kì í bọ́ lórí abẹ́rẹ́.

A fẹnu kò pé èmi ni mo ni òwú, òun ló ni ọwọ́. Tí ọjà bá tà, owó òwú á jẹ́ tèmi, owó iṣẹ́ á jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó lóyún, ó ní kí n máa bá òun tọ́jú owó iṣẹ́ náà títí òun á fi bímọ.

"Ọwọ́ yín ni mo fọkàn tán jù, Màámi," ló wí.

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún mi pé, "Ìyá Olówùú, ẹ má bínú, ọwọ́ ìyàwó yín la fẹ́." Màá rẹ́rìn-ín, màá fi gbogbo eyín hàn wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Èmi tí mo ti ń hun òwú kí ìyá rẹ̀ tó bí i.

Oṣù kan kí ọdún tó parí, olùkọ́ àgbà ilé ìwé jẹ́léósinmi kan wá sí ìsọ̀ mi. Ó mú súwẹ́tà tí mo hun, ó yí inú rẹ̀ síta, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹja tó ti ń rùn sílẹ̀. Ó mú ti ìyàwó ọmọ mi.

"Eléyìí. Ogójì ni mo fẹ́, kí àwọn ọmọ tó wọlé lọ́dún tuntun. Ṣùgbọ́n mà, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án o."

Ẹlòmíràn! Ojú mi ló wò tó fi sọ ọ́. Bàbá aláṣọ àlòkù gbọ́, ó wúkọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí n má baà rí i pé ẹ̀rín ni.

Yàtọ̀ sí òwú iṣẹ́ yẹn, mo tún gbé àpò òwú ńláńlá méjì jù sínú yàrá wọn, ọjà tí kò ráyè ní ìsọ̀ mi. Yàrá ọ̀hún ò ju ibi tí bẹ́ẹ̀dì dé lọ. Tó bá fẹ́ sùn, á gbé àpò sórí àga. Tó bá fẹ́ jókòó, á gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Mo rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn ọdún, iná ò sí nílé. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi kó lè gba iná, ó ní òun ń lọ wọn apá àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tó kù nílé wọn. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo gbé e.

Ẹ má bi mí ìdí. Ohun tó bá wà lórí tábìlì mi, tèmi ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń ṣe búrẹ́dì. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí, kò fi àmì kankan sí i:

"Owu iya oko mi ti po ju. Mi o le gbe mo. E ba mi wa ibi ti maa ko si."

Mo gun àkàbà náà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún un gùn.

Ohun tí mo kà ni pé: owú ìyá ọkọ mi ti pọ̀ jù. Pé òjòwú ni mí. Pé òun ò lè gbé ilé mi mọ́. Pé kí wọ́n wá ilé tí òun máa kó sí.

Èmi! Òjòwú! Mo fi etí aṣọ nu fóònù náà, mo dá a padà síbi tó wà.

Ó padà dé. "Màámi, ẹ kú ìjókòó o."

Mo ń to bọ́ọ̀lù òwú lọ.

"Fóònù mi ti kún, Màámi?"

Mo fi ẹnu júwe rẹ̀.

Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí bí aláboyún ṣe máa ń ṣe. "Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, nípa—"

"Lọ sọ ọ́ fún àwọn tó o máa ń sọ ọ́ fún."

"Mà?"

"Kúrò lójú ọjà mi. O ń dí oníbàárà lọ́nà."

Kò sí oníbàárà kankan. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń kọjá.

Láti ọjọ́ náà, tó bá kí mi, màá ki orí bọ inú àpò bí ẹni tó ń wá nǹkan. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé, mo rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti bárò wá sí ilé wa. Wọ́n gbé àpò òwú mi kìíní sínú rẹ̀, wọ́n gbé ìkejì lé e, wọ́n sì tì í lọ.

Ẹ̀rù ò bà mí. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo ní, ẹ wò ó, ó ń kó jáde, ó sì ń fi òwú mi ṣe owó ilé. Mo lè sáré jáde kí n di bárò náà mú. Mi ò jáde. Mo fẹ́ kí èrò pọ̀.

Olùkọ́ àgbà wá gba ogójì súwẹ́tà rẹ̀, ó sanwó pé. Mo kó ti òwú, mo kó ti iṣẹ́. Mo fi gbogbo rẹ̀ san owó ìsọ̀ mi fún odidi ọdún kan. Mo ní olè ò ní owó iṣẹ́.

Òwúrọ̀ ọdún tuntun tutù débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ayálégbé ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn. Bàbá onílé wà níbẹ̀. Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti yàrá jáde, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó fi àjákù òwú hun fún ara rẹ̀. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ò lè pàdé mọ́ nítorí ikùn.

Ó kúnlẹ̀, ó di ògiri mú. "Màámi, ẹ kú ọdún. Ọdún á yabo fún wa."

"Olè kì í kí mi kú ọdún."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú sí wa.

"Màámi," ọmọ mi wí, "kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bi ìyàwó ẹ. Bi í níbi tí àpò òwú mi méjèèjì wà."

Ìyàwó gbé ojú sókè. "Wọ́n wà lọ́dọ̀ àǹtí mi, mà. Mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ lẹ ò ti dá mi lóhùn—"

Mo pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀! Ó ti jẹ́wọ́!"

Bàbá onílé ní, "Ìyá Olówùú, ẹ rọra. Aláboyún ni."

"Oyún kì í ṣe ìwé àṣẹ olè, bàbá."

Mo yíjú sí ọmọ mi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo bá a ra gbogbo bàtà tó fi lọ ilé ìwé. Òun náà mọ̀ ọ́n. "Èmi àbí òun? Sọ ọ́ níwájú onílé."

Ọmọ mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó... kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ná. Fún ọjọ́ mélòó kan. Kí Màámi fi rọlẹ̀."

Mo ti borí. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ẹni tó mu omi gbígbóná.

Ó wọlé lọ kó ẹrù. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé jáde. Ó dúró níwájú mi. "Owó iṣẹ́ mi ńkọ́, Màámi? Ó ku oṣù kan kí n bí."

"Owó wo? O ti fi san òwú mi."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti ní ohun tí mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ìkà dà bí òwú tí ẹ bá ti rí orí rẹ̀: ọwọ́ á máa fà á lọ.

"Dúró. Súwẹ́tà ọrùn ẹ yẹn, òwú ta ni?"

Ó yíjú padà. "Mà?"

"Ṣé mo ń sọ èdè mìíràn ni? Òwú mi ni. Bọ́ ọ."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ mi ní, "Màámi!" ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà.

Ó tú bọ́tìnnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fà á kúrò ní apá kan, ó fà á kúrò ní apá kejì. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló kù sí i lára, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú. Ó ká súwẹ́tà náà dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Mo fa àpótí kan, mo jókòó. Mo wá orí òwú náà níbi ọrùn, mo já a, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìlà kan, ìlà kejì. Òwú ń sọ féré-féré lórí itan mi. Mò ń wò ó lójú bí mo ṣe ń tú u.

Kò sunkún. Ó dúró, ó ń gbọ̀n, ó wò mí títí mo fi tú apá kan tán.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí. Ó lọ.

Mo fi òwú yẹn hun ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo tà wọ́n lọ́sẹ̀ kan náà.

Ọjọ́ mélòó kan tí ọmọ mi wí di ọ̀sẹ̀ kan, ó di méjì. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jẹun, á fọ ọwọ́, á jáde. Nígbà tó yá, kò wá jẹun mọ́. Ìgbà yẹn ni aláṣọ àlòkù pariwo sọdá títì sí mi.

Mo ti ìsọ̀. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa, mo kọrí sí ilé búrẹ́dì. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń lọ, mò ń tún ọ̀rọ̀ èébú tò lẹ́nu bí ẹni to ọjà.

Èrò tò síwájú ilé búrẹ́dì náà dé ojú títì. Mo kọjá lára gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọmọ mi dúró lẹ́yìn tábìlì, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbé ọmọ ọmọ mi fún mi."

Kò gbójú sókè. "Ìyá, ẹ tò sórí ìlà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná.

"Èmi ni kí n tò? Èmi tí ìwọ àti àbúrò ẹ jókòó tì, tí ẹ ń pè ní òjòwú? Ó ti rí ibi kó sí, àbí? Inú yín ti dùn?"

"Ta ló pè yín ní òjòwú?"

"Ó wà lórí fóònù ẹ! Ojú mi yìí ni mo fi kà á. Owú ìyá ọkọ mi ti pọ̀ jù. Mi ò lè gbé mọ́. Ẹ bá mi wá ibi tí màá kó sí. Sọ pé irọ́ ni! Sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé!"

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú fóònù, ó wá a títí ó fi rí i. Ẹni tó dúró níwájú ìlà ni olùkọ́ àgbà jẹ́léósinmi, ó wá ra búrẹ́dì àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó nawọ́ fóònù sí i.

"Ẹ bá wa kà á, mà. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ èèyàn ní ìwé."

Olùkọ́ gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Kò sí àmì lórí ẹ̀."

"Mo wí fún yín!" ni mo pariwo.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Èsì wà nísàlẹ̀." Ó kà á sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Kó wọn wá. Yàrá ìyẹ̀fun mi ṣófo. Màá fi bárò wá kó àpò méjèèjì ní Sátidé. Má gbé wọn fúnra rẹ o, rántí oyún."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wò mí bó ṣe wo súwẹ́tà mi lọ́jọ́ yẹn.

"Òwú, mà. Òwú tí ẹ̀ ń tà. Òwú ìyá ọkọ mi ti pọ̀ jù. Mi ò lè gbé e mọ́. Ẹ bá mi wá ibi tí màá kó o sí. Ọmọ yìí ń wá ibi tó máa tọ́jú ọjà yín sí."

Ilẹ̀ ò lanu. Mo retí kó là, kò là.

Ọkùnrin kan láti ìparí ìlà ké sókè, "Háà! Ìyá Olówùú ti di Ìyá Olówú!"

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń fọ abọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọ ẹ̀yìn lọ, ó wọ́ àpò méjèèjì jáde, ó jù wọ́n sí ẹsẹ̀ mi. Ìyẹ̀fun ti kùn wọ́n, ṣùgbọ́n okùn tí mo fi ọwọ́ ara mi so wà lẹ́nu wọn, kò sẹ́ni tó tú u. "Ẹ kà á, bóyá ó pé."

Ìyàwó ọmọ mi jáde láti inú yàrá. Ọmọ wà láyà rẹ̀. Mi ò rí ju ẹsẹ̀ kékeré kan lọ tó yọ níta aṣọ.

Mo wólẹ̀. Èmi, níwájú ọmọ tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyàwó mi, mo ṣì í kà ni. Ìwé ni mi ò mọ̀. Mo ṣì í kà."

"Rárá, mà," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ga. "Èmi ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ohun tí ẹ kà."

Ó gbé ọmọ sí apá kejì.

Ó ní, "Owó iṣẹ́ ogójì súwẹ́tà mi ńkọ́?"

"Mo ti fi san owó ìsọ̀. Màá san án. Díẹ̀díẹ̀. Mo búra."

"Ẹ fi bàtà sílẹ̀."

Ọmọ tó ti bá mi jókòó ní ìsọ̀ fún ọdún méjì! Ó mọ iṣẹ́ mi. Mo bọ́ bàtà. Mo gbé àpò kan lé orí, mo wọ́ ìkejì, mo fi ẹsẹ̀ lásán rin títì dé ilé.

Ọmọ mi wá kó aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ìwọ náà fẹ́ fi mí sílẹ̀?" Ó ní, "Màámi, ẹ ti mú mi wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní wò ó mọ́."

Tí ẹ bá ka nǹkan kan tó dùn yín dé egungun, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́, kó fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu kì í ṣi òwú pè ní owú. Gbólóhùn kan ló fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn tí mo ní kó kúrò lójú ọjà. Ká ní mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán ni! Olùkọ́ àgbà yẹn náà ló bá mi fi àmì sórí ohun tí ẹ ń kà yìí. Ó gba owó lọ́wọ́ mi.

Mẹ́rin-mẹ́rin ni mò ń san lóṣù, owó iṣẹ́ súwẹ́tà mẹ́rin. Ìyàwó ọmọ mi ní òun ò gbọdọ̀ rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. "Ẹ máa fi ẹsẹ̀ yín gbé e wá." Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ilé búrẹ́dì. Màá jókòó síbẹ̀, á jẹ́ kí n dúró títí òun á fi hun ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Òwú ẹlòmíràn ló ń rà báyìí. Ọmọ á wà lórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ọmọ náà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó ti ń gbé orí. Oṣù karùn-ún, ó ti yọ eyín méjì. Oṣù kẹjọ, ó ń rá kòrò. Ọmọ mi á kọjá lára mi pẹ̀lú páìpù léjìká, á ní, "Màámi, ẹ káàárọ̀," bí ẹni ń kí ayálégbé.

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún, ó ku owó súwẹ́tà mẹ́rin. Mo dúró lójú títì, mo ronú kàn án: tí mo bá san tán, kí ni màá tún wá ṣe lórí bẹ́ǹṣì?

Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ mi nínú oṣù kọkànlá. Mo mú ti ẹyọ kan lọ.

"Kan péré?"

"Ọjà ò tà."

Lọ́sẹ̀ kejì mo mú òmíràn lọ. Lẹ́yìn náà, mo pín ti ìkẹta sí méjì, mo mú owó apá súwẹ́tà kan lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Onígbèsè, ṣé kọ́là lẹ máa mú wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àbí bọ́tìnnì?"

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà rá wá sí ìdí bẹ́ǹṣì. Ó di etí aṣọ mi mú, ó fà á, ó dìde dúró. Mo ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, mo gbé e. Ó wúwo. Ó ń rùn bíi wàrà àti búrẹ́dì.

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

"Ìyá àgbà rẹ̀ ni mí."

"Onígbèsè mi lẹ jẹ́, mà." Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò dúró. "Ọjọ́ tí ẹ bá san tán, ẹ ò ní jẹ́ ìyẹn náà mọ́. Ẹ gbé e sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀. Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó gbàgbé.

Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní mi ò ní san kankan mọ́, kó wá gbà á. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí ọdún kù ọ̀la, mo jókòó ní ìsọ̀, owó náà wà lábẹ́ itan mi. Mo wá rí ohun tí mò ń ṣe. Mo tún ti di owó iṣẹ́ rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà àkọ́kọ́, kó lè lọ ni. Nígbà yìí, kí n lè dúró ni. Owó kan náà. Ọwọ́ kan náà.

Òwúrọ̀ ọdún tuntun, mo rìn dé ibẹ̀. Títì ṣófo. Ó ń gbálẹ̀ iwájú ilé búrẹ́dì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Mi ò kí i kú ọdún. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kí i.

Mo jókòó, mo ka owó súwẹ́tà kan àti ààbọ̀ sí orí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó kà á. Ó tún un kà.

"Ó pé, mà," ló wí.

Mo dìde. Ó mú aṣọ ìnulẹ̀, ó sì nu ibi tí mo jókòó sí, kí àwọn oníbàárà tó dé.